Àdá Inú Báàgì Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé ìtàn ìjà ni mo fẹ́ sọ o. Ọ̀rọ̀ àdá ni, mo sì fẹ́ sọ ọ́ látinú ìtàn, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní géètì ní sẹmẹ́sítà tó kọjá ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ìbẹfun ni mo ti ń bọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú, lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà. Gàrí wà nínú báàgì mi, ẹ̀pà wà níbẹ̀, àdá kan náà sì wà níbẹ̀ tí mo fi ìwé ìròyìn wé. Igbó ti gba ẹ̀yìn họ́sítẹ̀lì wa, ejò ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kankan ò sì dá wa lóhùn. Bàbá sikiọ́rítì yẹ báàgì wò, ó fa àdá yọ, ojú ẹ̀ yí padà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ fi eléyìí ṣá?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, koríko ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. Àdá ni àdá ń jẹ́."

Mi ò lè bá a jà. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa 10 July 1999, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ họ́sítẹ̀lì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ lóru, tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, pé àdá ni àdá ń jẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn baba wa.

Ohun tí wọ́n fi ń jagun ní orúkọ tirẹ̀: idà wà, àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ wà, jọ̀mọ̀ wà. Idà sì ní àkọ̀. Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: a ń yọ idà nínú àkọ̀, a sì ń dá a padà sínú àkọ̀. Òwe tiẹ̀ ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àdá oko ńkọ́? Ọdẹ nìkan ni mo rí tó ń ki tirẹ̀ bọ inú awọ. Àgbẹ̀ á kàn gbé e kọ́ èjìká ni, gbogbo ayé á sì máa rí i bó ṣe ń lọ.

Mẹ́rin ni bàbá mi àgbà ní, kò sì sí èyí tó lè rọ́pò èkejì lójú tiẹ̀. Èyí tó gùn, tó fẹ́lẹ́, tí imú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ti koríko ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun la máa ń gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá ṣán pápá. Kò gbọdọ̀ wúwo, torí ọwọ́ ni yóò máa jù ú láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú gan-an, torí koríko rọ̀, ńṣe ló máa ń tẹ̀ fún àdá tí ojú rẹ̀ bá kú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ lápá iwájú, ti igbó ni. Iwájú ni ìwọ̀n rẹ̀ wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gé igi, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Bó o bá fi ti koríko ṣá igi, á ta padà sí ẹ lójúgun. Àpá tèmi wà lójúgun òsì láti JSS 2.

Ẹ̀kẹta kúrú, òun ni bàbá fi ń ro àárín ẹ̀gẹ́. Àdá gígùn á gé igi ẹ̀gẹ́ dànù, á sì tún ṣá èyí tó wà nínú ilẹ̀ lọ́gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó bá ti gbọgbẹ́ kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Ẹ sì mọ ohun tí gàrí jẹ́ fún Ìjẹ̀bú. Òun náà ló dára fún ẹ̀yìn ilé, níbi tí ògiri àti gọ́tà ò ti ní í jẹ́ kí ọwọ́ fẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàbá fi fún mi. Ẹ̀kẹrin, ẹnu ọ̀pá gígùn ni wọ́n so ó mọ́, ó tẹ̀ bí ìwọ̀, ti obì àti kòkó tó wà lókè ni. Ibi tí kòkó ti so lára igi, ibẹ̀ náà ni òdòdó mìíràn yóò ti yọ. Bí irin bá kú lójú, tó o wá fà á ya, kòkó ọdún tó ń bọ̀ lo jí yẹn.

Lọ́jà, bàbá kì í wo dídán. Á tẹ àdá mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó rí i bóyá yóò nà padà, á fi ìka gbá a kó gbọ́ ohùn rẹ̀, á wá wo ibi tí irin ti wọnú èèkù. Irin tí wọ́n bá mú látinú iná kì bọ omi, bó bá le jù, á ṣẹ́. Bó bá rọ̀ jù, á tẹ̀. Ìtàn àwọn òrìṣà pàápàá mọ èyí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà. Òrìṣà-ńlá gbé àdá tirẹ̀, òjé ni, ó tẹ̀. Ògún ló mú ti irin wá, tó sì la ọ̀nà.

Irin yẹn, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa ilé ìyọ́rin tó fojú rí nítòsí Ọ̀yọ́. Bàbá ní tẹ́lẹ̀, tó o bá bẹ alágbẹ̀dẹ ní àdá, á kọ́kọ́ bi ẹ́ pé irú oko wo ni, á sì wo gígùn apá rẹ.

Kí ló wá dé? Láyé ìgbà náà, Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà láàárín Èkó àti òkè, wọn ò sì jẹ́ kí àjèjì kọjá bó ṣe wù ú. Ní May 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Àwọn Ìjẹ̀bú náà ní ìbọn o, kì í ṣe idà nìkan, àmọ́ kò sí èyí tó lè dúró níwájú Maxim. Ní 19 May, wọ́n pa àwọn èèyàn wa lọ bẹẹrẹ ní Ìmàgbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà yẹn idà bọ́ lọ́wọ́ jagunjagun, ó di ohun ààfin àti ojúbọ. Ọ̀nà sì ṣí fún ọjà òyìnbó.

Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ló tó jáde), ti rí i. Ó ní tẹ́lẹ̀, látorí ohun ìjà títí dórí abẹ́rẹ́, ilé níbí la ti ń ṣe é. Ó ní ọ̀bẹ ilẹ̀ òyìnbó ò tọ́jọ́ tó tiwa, àmọ́ ó dínwó, ó sì ń lé tiwa kúrò lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni àdá olóònì dé, èyí tí ilé iṣẹ́ Martindale ń fi àwòrán ọ̀nì sí lára nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára o, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ń bá ní ìsọ̀ ò ju oríṣi kan méjì lọ. Ló bá máa ń gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, kó gé imú rẹ̀ kúrò, kó fẹ́ ẹ lójú. Ó ti lọ èyí tó fún mi títí tó fi jẹ́ pé ìrù ọ̀nì nìkan ló kù lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya Kúbà díẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, àdá ìrèké ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Kúbà dìde sí Spéìn ní 1868, ìbọn ò kárí, àdá ìrèké yẹn náà ni wọ́n gbé dojú kọ ọmọ ogun. Èmi ò lè bá wọn wí. Àmọ́ ní Rwanda ní 1994, àdá oko ni aládùúgbò fi pa aládùúgbò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá sikiọ́rítì yé mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ tó ya ti oko sọ́tọ̀ sí ti ogun ti ń kú lẹ́nu wa, àwọn kan láàárín wa sì ti gbé àdá baba wọn ṣe iṣẹ́ idà.

Mo ní kí bàbá sikiọ́rítì wò ó dáadáa: ta ló ń gé ohun ìjà rẹ̀ kúrú? Ó wò ó, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sì dá a padà. Ó kọ "cutlass, 1" sínú ìwé ńlá, ó ní kí n sáìnì.

Ìgbà tí a ṣe ìdánwò tán ni mo lọ gbà á. Ojú rẹ̀ ti ya eyín mẹ́ta. Mi ò béèrè nǹkan kan, mo wé e, mo gbé e lọ sí Ìbẹfun. Bàbá mi àgbà fi àtàǹpàkò tọ ojú rẹ̀ lọ, tó bọ̀, ó wò mí.

"Ta ló fi eléyìí la àgbọn?"