Ta Ló Ni Àpilẹ̀kọ Ọ̀mọ̀wé?

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń kọ àpilẹ̀kọ sínú jọ́nà gbà ń ṣe iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn òǹkọ̀wé yòókù. Ẹni tó kọ ìtàn àròsọ a máa gba ìpín tirẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí a bá tà. Akọ̀ròyìn a sì máa gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì tó fi ọdún mẹ́ta ṣe ìwádìí, tó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ ni yóò fi lé òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. Èyí kò burú. Ohun tí ó ń wá ni pé kí a kà á, kí a dárúkọ òun, kí ìmọ̀ sì gbòòrò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí a bá ti gba àpilẹ̀kọ náà tán, a ó gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i, pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ̀tọ́ yìí ni àṣẹ tí òfin fún ẹni kan láti pinnu ẹni tó lè tẹ iṣẹ́ kan, ẹni tó lè tà á, ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó kọ ọ́ lè máa tọrọ àṣẹ kí ó tó tún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú ìwé mìíràn. Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀?

Ọdún 1665 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Journal des sçavans jáde ní ìlú Paris. Ní oṣù kẹta, Henry Oldenburg, ọmọ ìlú Bremen ní ilẹ̀ Jámánì, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ̀ tí à ń pè ní Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé Philosophical Transactions jáde. Ṣáájú àkókò yìí, ẹ̀rù olè ń ba àwọn onímọ̀. Nígbà tí Galileo rí ohun tuntun kan lára Saturn ní ọdún 1610, ṣe ni ó da àwọn lẹ́tà inú gbólóhùn tó fi kéde rẹ̀ rú, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí yóò fi wù ú láti tú u. Ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ rí i, kò sì fẹ́ kí a tíì mọ ohun tí òun rí. Ètò Oldenburg ló wá ojútùú sí èyí. Onímọ̀ yóò sọ tirẹ̀ síta. Orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé tí ń jáde lóṣooṣù, tí àríyànjiyàn kò fi ní sí nípa ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Orúkọ yìí ni èrè tí òǹkọ̀wé ń gbà. Oldenburg fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ìtẹ̀wé náà, ó sì retí pé yóò máa mú owó wọlé fún òun, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún kò tó nǹkan. Ọdún 1752 ni ẹgbẹ́ náà tó gba ìnáwó rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan níbí. Lábẹ́ òfin ìtẹ̀wé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1662, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìwé láìgba àṣẹ. Ìgbìmọ̀ Royal Society wà lára àwọn tí a fún ní agbára láti fi àṣẹ yìí fúnni, abẹ́ rẹ̀ ni jọ́nà Oldenburg sì ti jáde. Láti òkè ni àṣẹ ti ń wá nígbà náà. Kò sí òfin kankan tó ka òǹkọ̀wé sí ẹni tó ni iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin ayé Ọbabìnrin Anne, ní ọdún 1710, ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fún òǹkọ̀wé ní ọdún 14 lórí ìwé tuntun, àti ọdún 14 mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń tàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti sá sókè sá sódò kí òfin náà lè jáde. Kì í ṣe pé ìfẹ́ òǹkọ̀wé ń pa wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá ti di ìní òǹkọ̀wé, àwọn lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 ni ìjọba amúnisìn mú wọ Nàìjíríà ní 1912. A ṣe tiwa ní 1970, a tún ṣe òmíràn ní 1988, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni à ń lò báyìí. Láti ti ọdún 1911 títí di èyí, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: ẹ̀tọ́ àdàkọ kì í ti ọwọ́ ẹni kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn pátápátá láìsí ìwé. Ibi tí fọ́ọ̀mù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Fún ìgbà pípẹ́, fọ́ọ̀mù yìí kò ká ọ̀mọ̀wé lára, nítorí pé ẹgbẹ́ onímọ̀ ló ni jọ́nà, òun náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń da owó sí ìwádìí, àwọn oníṣòwò sì rí i. Robert Maxwell, ẹni tó dá Pergamon Press sílẹ̀ ní 1951, wà lára àwọn tó tètè rí i jù lọ. Ọjà jọ́nà kò dà bí ọjà iṣu, níbi tí ẹni tí iṣu Àdùkẹ́ wọ́n fún yóò kọjá sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Àpilẹ̀kọ tó wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì, nítorí náà ilé-ìkàwé yóò ra méjèèjì ní iye tí a bá pè é. Nígbà tí Maxwell ta Pergamon fún Elsevier ní 1991, mílíọ̀nù 440 pọ́n-ùn ni owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978 ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fúnni fọwọ́ sí ìwé. Àwọn òǹtẹ̀wé tí wọ́n ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín fọ́ọ̀mù.

Àwa ní Nàìjíríà mọ ibi tó yọrí sí. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì wa kò lè san owó àsansílẹ̀ mọ́. Jọ́nà gbẹ lórí pẹpẹ. Àpilẹ̀kọ tí ọmọ Yorùbá kọ lórí oríkì tàbí Ifá lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó má sí ní Ìbàdàn.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Paul Ginsparg ṣí àkójọ kan sórí kọ̀ǹpútà ní Los Alamos, níbi tí àwọn onímọ̀ físíìsì ti lè ka iṣẹ́ ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, àwọn kan pàdé ní Budapest; ìkéde wọn jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2002. Wọ́n ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ̀tọ́ àdàkọ máa ṣe nínú ọ̀ràn yìí ni kí a má ba iṣẹ́ òǹkọ̀wé jẹ́, kí a sì dárúkọ rẹ̀ bó ti yẹ. Ní ìparí ọdún náà, Lawrence Lessig àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ìwé àṣẹ Creative Commons jáde. Nǹkan mẹ́rin ni òǹkọ̀wé lè béèrè nínú wọn: kí a dárúkọ òun, kí a má fi iṣẹ́ náà ṣòwò, kí a má yí i padà, tàbí kí ẹni tó bá yí i padà fi tirẹ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà. Àwọn kan rò pé ẹni tó lo ìwé àṣẹ yìí ti ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni nǹkan nìkan ló lè sọ bí a óò ti lò ó. Àṣẹ tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ní 1662 ti di ohun tí òǹkọ̀wé ń fún òǹkàwé.

Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Oníjàálá a máa júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ kí ó tó là ẹnu. Ó lè lo ohun tó gbọ́, ó lè fi tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n à ń retí pé yóò sọ ibi tó ti mu omi. Kì í ṣe ẹ̀rù kóòtù ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ló rí láàárín àwa ọ̀mọ̀wé: ẹni tó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, ojú ẹlẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń sá fún.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tán kò ní àṣẹ kankan láti fúnni mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ kan ní Harvard fi dìbò ní oṣù kejì ọdún 2008 láti kọ́kọ́ fún yunifásítì wọn ní àṣẹ lórí àpilẹ̀kọ wọn, kí fọ́ọ̀mù òǹtẹ̀wé tó dé. Ọgbọ́n gidi ni èyí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti lọ sí jọ́nà tó bá wù wọ́n.

Àwọn òǹtẹ̀wé náà kò sùn. Wọ́n ní bí òǹkàwé kò bá ní sanwó, kí òǹkọ̀wé san án. Nígbà tí PLoS Biology bẹ̀rẹ̀ ní 2003, 1,500 dọ́là ni ó ń gbà lórí àpilẹ̀kọ kan. Ní 2020, Nature kéde 9,500 owó yúrò. Àwọn kan a máa dín in kù fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ṣùgbọ́n ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ pàápàá ju agbára olùkọ́ Nàìjíríà lọ. Lójú tèmi, a kàn gbé ìlẹ̀kùn kúrò níwájú òǹkàwé lọ sí iwájú òǹkọ̀wé ni.

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ wa ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, àwọn kan láti ara African Journals Online tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí a sì lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí gbólóhùn kan tó sọ irú àṣẹ tí òǹkàwé ní. Òfin kò ka ìdákẹ́jẹ́ sí àṣẹ. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó àpilẹ̀kọ márùn-ún lórí oríkì jọ sínú ìwé kan, tàbí tó fẹ́ túmọ̀ wọn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kó sì tẹ̀ wọ́n jáde, ní láti wá àwọn òǹkọ̀wé márààrún rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú ní 1995 láìkọ àṣẹ kankan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àjogún rẹ̀ ni yóò ti máa tọrọ títí di ìparí ọdún 2065.