Ìjáfara ní Lọ́ńdọ̀nù, Ikú ní Bùsà

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe ọjọ́ tó gbéra ni ìrìn náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti ń di ẹrù, tó ń tú u, tó tún ń dì í. Ibẹ̀ gan-an ni fònídónìí-fọ̀ladọ́la ti máa ń ká ènìyàn mọ́. Bàtà yìí ò dáa tó, ká wá òmíràn. Ẹrù yìí ti wúwo jù, ká tún un yẹ̀ wò lọ́la. Nínú gbogbo ìtàn irú èyí tí mo ti kà, kò sí èyí tó ń dùn mí tó ti Mungo Park, bóyá nítorí pé ìtòsí ilé wa níhìn-ín, ní Bùsà, ló parí sí.

Gbogbo àwa tá a jókòó ní kíláàsì ìtàn la mọ orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n ní òun ló "ṣàwárí" Odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń mu omi rẹ̀ kò mọ̀ pé odò ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Dókítà ará Skọ́tíláǹdì ni, 1771 ni wọ́n bí i. Oṣù keje 1796 ló kọ́kọ́ fojú kan odò náà ní Segu. Ojú rẹ̀ rí màbo nínú ìrìn àjò yẹn: wọ́n dè é mọ́lẹ̀, àìsàn gbé e dè, olè sì gba tọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó délé ní 1797, ó kọ ìwé, ó fẹ́yàwó, ó sì ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Peebles. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀: níbo ni odò yìí ń ṣàn lọ?

Ní ìparí 1803 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ pè é pé kó tún lọ. Wọ́n ní oṣù kejì 1804 ni ọkọ̀ máa ṣí. Oṣù kejì dé, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ Addington, Pitt gbà á, ọ̀rọ̀ náà sì tún dúró. Park ti padà sílé pẹ̀lú ará Mòrókò kan tó ń kọ́ ọ ní èdè Lárúbáwá. (Wọ́n ní ẹran tí ará Mòrókò yìí ò bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa, kò ní jẹ. Ẹ wo bí ojú àwọn ará Peebles á ṣe rí!) Ìyẹn kò burú, ẹni tó ń kọ́ èdè kò jókòó lásán.

Ẹ wá bá mi ṣírò èyí tó kù. Oṣù kẹsàn-án 1804 ni wọ́n tún pè é padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìparí oṣù kìíní 1805 ló tó wọkọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gáḿbíà àti Málì sì nìyẹn, tí ọ̀nà gbẹ, tí odò kéékèèké fà, tí alájàpá ń yan lọ tẹrù tẹrù. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń jiyàn ibi tí odò náà ń lọ. Park ní odò Kóńgò ló máa já sí. Rennell, ọ̀gá nínú yíya àwòrán ilẹ̀, ní kó má tilẹ̀ lọ mọ́.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1805 ni wọ́n tó fi odò Gáḿbíà sílẹ̀, òyìnbó bí i 40, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ṣójà láti erékùṣù Gorée, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù àti Isaaco, oníṣòwò Mandinka tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Òjò ti ń bọ̀ lókè. Níbí ni mo ti máa ń bá Park jà nínú ọkàn mi. Ó lè dúró ní Gáḿbíà títí di oṣù kọkànlá. Àmọ́ lójú tèmi, ìdádúró ti sú u débi pé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun tún fẹ́ dúró. Nígbà tó yẹ kó máa rìn, wọ́n mú un jókòó. Nígbà tó yẹ kó jókòó, ó dìde.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni òjò ká wọn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àìsàn ti da ṣójà púpọ̀ dùbúlẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rì sínú ẹrẹ̀, olè ń gbé ẹrù lọ, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri; 1897 ni Ronald Ross tó rí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ni wọ́n dé etí Odò Ọya lẹ́bàá Bamako, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ti kú. Ní oṣù kọkànlá, Park kọ̀wé láti Sansanding pé nínú òyìnbó 44, márùn-ún ló kù láàyè, orí ọ̀kan nínú wọn sì ti dàrú. Ó gbé lẹ́tà náà fún Isaaco pé kó mú un padà. Òun àti àwọn tó kù wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì kàn pọ̀, wọ́n ń bá omi lọ. Ní Bùsà, ní 1806, ìjà bẹ́ sílẹ̀, omi sì gbé wọn lọ.

Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá dé Bùsà. Òjò pa àwọn náà, àmọ́ wọn kò kó 40 ṣójà lẹ́yìn. Ní Bùsà ni wọ́n ti fi ìwé ògbólógbòó kan hàn wọ́n, ìwé àwọn atukọ̀ òkun tó kún fún òǹkà, tó ti jẹ́ ti Park. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá káàdì kan nínú rẹ̀. Tọkọtaya kan ló fi pe Park wá jẹun alẹ́ ní àdúgbò Strand ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1804. Ẹ wo oṣù náà dáadáa. Oṣù tó yẹ kó máa tẹ ilẹ̀ gbígbẹ Gáḿbíà ni.

Isaaco ní tirẹ̀ kò jáfara. Lẹ́tà Park dé etí òkun nípasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún rán an ní 1810 kó lọ wádìí bí Park ṣe kú. Ó lọ, ó rí ọkùnrin tó fọ̀nà han Park kẹ́yìn lójú omi, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bùsà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ kò sí lójú ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Kéńjì ní 1968, omi bò ó mọ́lẹ̀ tòun ti àwọn àpáta etí odò rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lọ sí Bùsà Tuntun.