Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Àwọn Tí Ó Fi Ìkànnì Sílẹ̀

Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, a gbé ọkọ́ rẹ̀ jù sí ìdí ògiri, ọkọ́ náà kì í sì í jí i lóru pé kí ó wá wo ohun tí ọkọ́ aládùúgbò ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí ní àtètèkọ́ṣe. Bí ó ti wá di pé díẹ̀ nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe irinṣẹ́ tuntun ń bẹ̀ wá pé kí a jù ú nù, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́.

Ní ọdún 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà tí a wá ń pè ní Unix. Ẹlẹgbẹ́ wọn, Doug McIlroy, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1964 pé ó yẹ kí a lè so ètò kan mọ́ òmíràn bí a ti í so rọ́bà ìbomirin. Ní 1973 ni Thompson mú àbá náà ṣẹ, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó bá ti inú ètò kan jáde ti ń ṣàn tààrà sínú èkejì: ọ̀kan a ṣa ọ̀rọ̀ jọ, ọ̀kan a tò ó, ọ̀kan a ka iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ grep, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ni ó bí i. Lee McMahon, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ń yẹ àpilẹ̀kọ 85 wò, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1787 sí 1788 láti fi gbèjà òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ àdápè kan ṣoṣo ni àwọn tí ó kọ wọ́n lò, nítorí náà ni awuyewuye ṣe wà bóyá Alexander Hamilton ni ó kọ àwọn kan nínú wọn tàbí James Madison. McMahon fẹ́ fi ìlò ọ̀rọ̀ dá olúkúlùkù mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà pọ̀ ju èyí tí ed, ètò ìkọ̀wé ìgbà náà, lè gbé lẹ́ẹ̀kan lọ. Thompson bá yọ apá tí ń wá ọ̀rọ̀ kúrò nínú ed, ó sọ ọ́ di irinṣẹ́ tí ó dá dúró. Brian Kernighan, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ni ó máa ń sọ ìtàn yìí. Ẹ fún grep ní ọ̀rọ̀ kan, yóò fi gbogbo ìlà tí ó wà hàn yín, yóò sì dákẹ́. Ó ti lé ní 50 ọdún; ní ọjọ́ Sátidé tí mo máa ń tún àkọsílẹ̀ mi yẹ̀ wò, òun ni mo ṣì ń lò.

Ọ̀nà mìíràn ni ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni Facebook tí Mark Zuckerberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Harvard ní 2004. Owó ìpolówó ọjà ni ó ń jẹ, olùpolówó a sì máa fẹ́ kí ojú wa pẹ́ níbẹ̀. Ní 2006, Aza Raskin hùmọ̀ ojú ìwé tí kì í tán, tí ó ń gùn sí i bí a ti ń fà á. Ó ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ìwé wo ni ẹ̀yin fi ń kọ́ ọmọ tí kò ní ojú ewé ìkẹyìn?

Ti Brian Acton ni ó yà mí lẹ́nu jù. Òun àti Jan Koum dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, wọ́n sì kọ̀ láti gba ìpolówó sínú rẹ̀. Ní 2014, Facebook rà á. Bílíọ̀nù 19 dọ́là ni wọ́n kéde. Acton kúrò ní 2017. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹta 2018, tí àṣírí tú pé Cambridge Analytica ti kó ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn láti orí Facebook láìgba àṣẹ wọn, ó kọ ọ́ pé àkókò tó láti pa Facebook rẹ́. Orí Twitter, ìkànnì mìíràn, ni ó sì ti kọ ọ́! Ẹni tí ó fẹ́ kéde pé òun ń kúrò lọ́jà, àárín ọjà náà ni ó ti lu agogo.

Ní Nàìjíríà, ìjọba dá Twitter dúró ní Oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 Oṣù Kìn-ín-ní 2022. Ní Oṣù Keje ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró ọ̀hún kò bófin mu. N kò ka ìyẹn mọ́ fífi ìkànnì sílẹ̀. A tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ni, ọ̀pọ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Èmi ti pa Facebook tèmi rẹ́. Ṣùgbọ́n inú WhatsApp ni àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó sì ni méjèèjì.