Oògùn Ẹ́sítírójìn àti Ọ̀rọ̀ Sísanra Lásìkò Ìdáwọ́dúró Nǹkan Oṣù: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Ní ti oògùn ẹ́sítírójìn tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń lò nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá dáwọ́ dúró, ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe tó hàn kedere. Láàárín àkókò náà, èrò méjì tí ó tako ara wọn ló gbilẹ̀. Àwọn kan gbà pé oògùn náà ń dá ara ọmọge padà. Àwọn mìíràn ní ṣe ni ó ń mú ènìyàn sanra. Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin èrò méjèèjì, ó sì fi hàn pé ìwádìí tó fi obìnrin wé obìnrin ló tú àṣìṣe inú wọn síta.

Dídé Oògùn Náà

Ẹ́sítírójìn jẹ́ họ́mónù tí ilé-ẹyin obìnrin ń pèsè. Bí obìnrin bá ń sún mọ́ ọmọ àádọ́ta ọdún, họ́mónù yìí a máa dín kù, ooru òjijì, òógùn òru àti àìróorunsùn a sì máa bá ọ̀pọ̀ wọn fínra. Ní 1923, Edgar Allen àti Edward Doisy, ní ìlú St. Louis, fi omi inú ilé-ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ dán eku wò, wọ́n sì rí bí họ́mónù náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1929, Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì yọ ọ̀kan lára àwọn ẹ́sítírójìn sọ́tọ̀, kálukú lọ́tọ̀. Ní 1942, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Premarin, oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ṣe.

Ìlérí Ọmọge Títí Láé

Ní 1966, Robert Wilson, oníṣègùn àwọn obìnrin ní New York, gbé ìwé Feminine Forever jáde. Lójú tirẹ̀, ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù kì í ṣe ìpele ayé, àrùn àìtó họ́mónù ni, ẹ́sítírójìn sì ni ìwòsàn rẹ̀. Ìwé náà tà gan-an, lílo oògùn náà sì pọ̀ sí i.

Àwọn obìnrin ló san gbèsè ìlérí náà. Ní oṣù Kejìlá 1975, ìwádìí méjì fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ilé-ọmọ pọ̀ lára àwọn tó ń lò ó: ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ nínú ọ̀kan, ó ju ìlọ́po méje lọ nínú èkejì. Ìdí ni pé ẹ́sítírójìn nìkan a máa mú kí awọ inú ilé-ọmọ nípọn láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe ń fi progẹ́sítínì, tí ó ń dá a lẹ́kun, kún un fún obìnrin tí ilé-ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sísanra

Ẹ̀rù sísanra lé àwọn obìnrin kan sá fún oògùn yìí. Kò ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, iṣan ara a máa dín kù, agbára oúnjẹ tí ara ń lò lóòjọ́ a sì rẹlẹ̀. Bí ẹ́sítírójìn bá ti wálẹ̀, ọ̀rá tí ó máa ń wà ní ìbàdí àti itan a bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí ikùn. Àsìkò yìí gan-an ni obìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí àkùkọ bá kọ tí ilẹ̀ sì mọ́, kì í ṣe àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Ìwádìí PEPI, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1995, ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n. Obìnrin 875, ọmọ ọdún 45 sí 64, ló kópa fún ọdún mẹ́ta. Àwọn kan gba họ́mónù, àwọn kan gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìtúpalẹ̀ ìwọ̀n ara wọn, àwọn tó lo ẹ́sítírójìn fi nǹkan bíi kílógíráàmù kan péré sanra kéré sí àwọn tí kò lo nǹkan kan. Oògùn náà kò mú ènìyàn sanra. Kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ọmọge.

Ní Pittsburgh, ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé obìnrin 535, ọmọ ọdún 44 sí 50. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn bí wọn yóò ṣe dín oúnjẹ àti ọ̀rá kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Àbájáde tó jáde ní 2003 fi hàn pé lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀, 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà kò tẹ̀wọ̀n ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. 26 péré ni nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù.

Ọdún 2002 àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní oṣù Keje 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá Women's Health Initiative dúró. Obìnrin 16,608 ló wà nínú rẹ̀. Nínú obìnrin 10,000 tó lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú progẹ́sítínì fún ọdún kan, mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ ọmú fi lé, mẹ́jọ ni rọpárọsẹ̀ fi lé, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí tó ṣẹ́ fi márùn-ún dín. Jìnnìjìnnì bo àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ sì pa oògùn tì. Lẹ́yìn náà ni àtúnyẹ̀wò fi hàn pé ọjọ́ orí wọn, tí ó tó 63 ní ìpíndọ́gba, ṣe pàtàkì: ewu kéré fún ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé ẹ́sítírójìn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń mú ooru òjijì rọlẹ̀, ó sì ń dáàbò bo egungun. Sísanra kò sí lára àìsàn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lò ó. Ìpolówó ló sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́, àhesọ sì tún bà á jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Olùkọ́ tí yóò fi ẹ̀kọ́ ìlera kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ wọn ní ìbéèrè kan: àwọn tí kò lo oògùn náà ńkọ́, báwo ni tiwọn ṣe rí?