Ọwọ́ Ọmọdé, Ọwọ́ Àgbà: Iṣẹ́ Àlàáfíà ní Gúúsù Èkìtì

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dì mú. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọdé kò lè nawọ́ kan ohun tí a gbé sókè? Ìdajì kejì ni a máa ń sáré kọjá: pé ohun kan wà nínú kèrègbè tí àgbàlagbà nílò, tí ọwọ́ rẹ̀ tó ti tóbi kò lè mú jáde, àfi kó bẹ ọmọ kékeré. Òwe náà kò ní kí àgbà kàn ṣàánú ọmọdé. Àdéhùn ló ń sọ, láàrin ẹni méjì tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, dé Èmùré, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé ìwé kan lọ́nà, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ láti Èmùré padà sí Èpòrò. Wọ́n kó àwọn ọmọ, wọ́n kó olùkọ́, wọ́n mú awakọ̀, wọ́n sì wọ igbó lọ. Lọ́jọ́ kan náà, ní ìhà mìíràn nínú Ìpínlẹ̀ Èkìtì, agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ni àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn tó gba ìtúsílẹ̀. Awakọ̀ kò bá wọn bọ̀. Wọ́n ti pa á.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ agbègbè yìí ní àlàáfíà àti inú rere, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè: èwo nínú iṣẹ́ náà ni ti ọmọdé, èwo sì ni ti àgbà? A kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wà lórí pẹpẹ lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú kèrègbè bẹ̀rẹ̀. Ní Èkìtì àtijọ́, iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ọ̀nà odò bá dí, tàbí tí òrùlé ààfin bá ń jò, olúkúlùkù ẹgbẹ́ ló mọ ìwọ̀n tirẹ̀. Géńdé á gé igi, àgbà á jókòó tọ́ iṣẹ́ sọ́nà, ọmọdé á pọn omi, á ru koríko. Bákan náà ni tí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀ sí oko rẹ̀: kò sẹ́ni tí í fi ọmọ sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Baba lágbájá àti baba tàmẹ̀dù lè máà kí ara wọn láàárọ̀ nítorí ààlà oko, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn á jọ gbé ìkòkò omi kan náà, wọ́n á jọ jẹ iyán nínú àwo kan náà. Tó bá di alẹ́, eré bojúbojú á tún kó wọn pọ̀ lójúde. Nígbà tó bá pẹ́, ìyá ọmọ kan á gbọ́ pé ilé ọ̀tá ni ọmọ òun ti jẹun yó lánàá, ojú á tì í, á sì lọ dúpẹ́. Bí àwọn ìyá bá ti ń kí ara wọn, àwọn baba kò ní pẹ́ jókòó sọ ọ̀rọ̀ ààlà oko yẹn bí ènìyàn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè ṣètò irú èyí. Àgbà tó bá dédé wọ ilé ọ̀tá rẹ̀ lọ jẹun, gbogbo ìlú á ní ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ọmọdé tó bá wọ ibẹ̀ kàn lọ ṣeré ni.

Ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ gbìyànjú láti ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1973 jọ èyí. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi òfin dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì lè lọ sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan níbi tí kì í ṣe ìlú wọn. Ọmọ Ẹnúgu á wá sí Ìkẹ́rẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ á lọ sí Kàtsínà. Ibùdó ìpàgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà lágbègbè tí à ń sọ yìí gan-an, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ̀/Orùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń búra, tí wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pín wọn ká.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń bá pàdé, ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ìlú: ìmọ́tótó, ìrìnnà ojú pópó, Red Cross àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan gbẹ́ kànga, àwọn kan kan bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé. Ó dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ga jù lójú mi ni èyí tí ọmọ ìlú àti àjèjì jọ ṣe. Àgùnbánirọ̀ tó ti òkèèrè dé kò gbọ́ èdè Èkìtì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kí Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, tàbí Elémùré, ọba Èmùré, bí a ṣe ń fi òkèlè gba ọbẹ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe olùkọ́ fún àjèjì báyìí kò ní tètè gbà á gbọ́, nígbà tó bá dàgbà, pé ọ̀tá ni gbogbo ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀.

Fífi iṣẹ́ ìlú tọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tuntun níbí. Ọdún 1908 ni Boys' Brigade ti dé Nàìjíríà, àwọn Scout dé ní 1915, Girl Guides ní 1919. Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń tọ́ olùkọ́ láti 1977, nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó ti di yunifásítì tí a fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè. Àwọn tó lè darí iṣẹ́ náà wà nílé.

Irú iṣẹ́ yìí kan àwọn abà tó wà láàrin oko pẹ̀lú. Àwọn Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá wa dáko, àti àwọn mìíràn láti ìhà Bẹ́núè. Láti ìgbà tí ìjínigbé ti pọ̀, ojú tí a fi ń wo ará abà ti yí padà. Ẹni tí a ti ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ti di ẹni tí a ń fura sí. Ìfura yìí ń dùn mí, nítorí àwọn ará abà náà ń sá fún agbébọn bí a ṣe ń sá. Àwọn ọmọ wọn wà nílé ìwé pẹ̀lú tiwa. Bí a bá pè wọ́n pọ̀ láti tún etí odò ṣe, tàbí láti gbin igi sí ọgbà ilé ìwé, ẹnu àwọn ọmọ abà ni a ó ti kọ́kọ́ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí ní abà.

Pẹpẹ wá kù, ti àgbà ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, àríyànjiyàn lórí ipò oyè méjì, Ògògà àti Olúkẹ́rẹ́, ti pẹ́. Ilé ẹjọ́ àti ìjọba ló ni ìyẹn. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ bí ẹni ń pín ogún fún wọn. Àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ló ń wo àpáta Olósùnta láti ojú fèrèsé kíláàsì.

Ojú ọ̀nà náà sì wà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Èmùré àti ti Ìsẹ̀/Orùn ṣán igbó etí ọ̀nà kó jìnnà sí ọ̀dà. Kí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà ní àkókò tí ilé ìwé ń ṣí àti àkókò tó ń parí, kí ọkọ̀ ọmọ ilé ìwé kankan má dá rìn. Bí àgbà bá ti ṣe èyí, kí àwọn àgùnbánirọ̀ ya ọjọ́ iṣẹ́ ìlú wọn kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n kó ọmọ Èmùré, ọmọ Èpòrò àti ọmọ abà jọ sí pápá kan, pẹ̀lú ìgbálẹ̀, igi gbígbìn àti bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì da ilé ìwé àti abà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹgbẹ́.