Land Rover bàbá àgbà, àti èyí tó ń jẹ́ Oxford

Àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé. Ọkọ̀ bàbá àgbà ni wọ́n fẹ́ wá gbé. Kó tó di Sátidé yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkọ̀ mìíràn fún yín, torí òun ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó o, ó gùn díẹ̀ 🧵

Land Rover Series III ni tiwa. Bàbá àgbà rà á ní ọ́kísọ̀n ìjọba nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ko kòkó, òun ni wọ́n fi ń gbé aláboyún lọ ọsibítù lóru, òun ni wọ́n fi gbé màmá àgbà wálé ọkọ. (Màmá àgbà ní irọ́ ni, ọkọ̀ elérò lòun bá wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ó ti kú sẹ́yìn ilé kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Èmi àtàwọn ọmọ àǹtí mi la máa ń wọnú ẹ̀, a ó máa "wà" á lọ Èkó, lọ Mẹ́kà, lọ London. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá, lẹ́fà kékeré méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan orí pupa, ọ̀kan orí yẹ́lò. A rò pé wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Tẹ yẹ́lò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fa ọkọ̀. Fa pupa sẹ́yìn, eré á kéré, agbára á pọ̀, ọkọ̀ á máa rìn bí ìjàpá ṣùgbọ́n á gun òkè bí ewúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n dádì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ní ó tó gẹ́ẹ́. "Ejò ló ń gbénú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Big Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì." Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún ló ń parí lọ yìí.

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo fẹ́ tún un ṣe, kí n wà á láti Ìbàdàn lọ Cotonou, Lomé, Accra, kí n máa lọ bẹ́ẹ̀, kí n máa ya fídíò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí irú ọkọ̀ yìí ṣe dáyé ná.

Lẹ́yìn ogun Hitler, Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Rover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ oko kan ní erékùṣù Anglesey, ní Wales. Jeep tó ṣẹ́kù látọwọ́ àwọn ológun ló fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Jeep ń darúgbó, kò sì mọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi pààrọ̀ ẹ̀. Ní 1947 ó fi ọwọ́ ya ohun tó ń rò lọ́kàn sórí yanrìn etíkun níwájú Spencer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá ní Rover. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 1948, Land Rover ti wà níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, ìjọba ló ń pín in. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù wà rẹpẹtẹ, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe bàálù ogun. Rover bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún pàápàá, àṣẹ́kù ti bàálù ogun ni. Wọn ò sì fẹ́ náwó sórí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páànù, ìdí nìyẹn tí gbogbo ara ẹ̀ fi rí pẹrẹsẹ. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló so èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀kùn ń tú, orí ń tú, gíláàsì iwájú ń dojú délẹ̀. Ẹni tó bá ní sípánà, tó sì ní sùúrù, lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ṣùgbọ́n ṣásí, egungun ẹ̀yìn ọkọ̀, irin ni. Wọ́n jó páànù irin pọ̀ bí àpótí gígùn, inú ẹ̀ sì ṣófo. Omi àti ẹrẹ̀ á wọbẹ̀, wọ́n á jókòó síbẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú. Ara ọkọ̀ ò ní dípẹtà láé, torí náà ẹ máa rò pé ọkọ̀ ṣì wà láàyè. Mo ti rí ẹni tó ra Land Rover torí bó ṣe ń dán, tí wẹ́dà sì fi ìka lu ṣásí ẹ̀ jáde. Ìka lásán o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá Oxford.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 1955, Land Rover Series I méjì gbéra ní London. Singapore ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì Oxford àti Cambridge mẹ́fà ló wà nínú wọn: Tim Slessor, Adrian Cowell, Antony Barrington Brown, Henry Nott, Pat Murphy àti Nigel Newbery. Ọkọ̀ kan ń jẹ́ Oxford, aró dúdú ni wọ́n kùn ún, nọ́ńbà ẹ̀ ni SNX 891. Ìkejì ń jẹ́ Cambridge, búlúù tó mọ́lẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin content creator ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa: àwọn ọmọ yìí ò lówó. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi, wọ́n ní ẹ fún wa ní tiyín, a ó gbé e kiri ayé fún yín. Rover fún wọn ní ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní BBC, David Attenborough (bẹ́ẹ̀ ni, òun náà, bàbá ẹranko igbó), fún wọn ní fíìmù tí wọ́n á fi ya ìrìn àjò náà. Pitch deck ò tíì dáyé, wọ́n ti ń pitch. Barrington Brown ló ń ya àwòrán, Nott ló ń ṣe mẹkáníìkì.

Ibi tó bà wọ́n lẹ́rù jù ni Burma. Láàárín Íńdíà àti Burma, ọ̀nà kan wà tí àwọn sójà Amẹ́ríkà là nígbà ogun. Aláwọ̀ dúdú pọ̀ gan-an nínú àwọn tó là á. Ogun kan náà nìyẹn tí àwọn bàbá wa lọ jà tí à ń pè ní ogun Bọ́mà. Nígbà tí ogun parí, wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì. Òjò ń wó o, igbó ń gbà á padà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà làwọn ọmọ yìí gbé ọkọ̀ kọjá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1956, ọkọ̀ méjèèjì wọ Singapore. Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́fà. Slessor kọ ìwé nípa ẹ̀, First Overland, Attenborough ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ẹ̀.

(Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń rìn: ní nǹkan bí àsìkò yẹn náà ni Ọlábísí Àjàlá tiwa ń gun Vespa kiri ayé. Ọ̀pọ̀ yín rò pé inú orin Ebenezer Obey nìkan ni Àjàlá wà. Èèyàn gidi ni, ó kọ ìwé tiẹ̀ jáde ní 1963. Pelumi Nubi náà sì wà, tó dá nìkan wa Peugeot 107 láti London wọ Èkó ní 2024. Kì í tilẹ̀ ṣe four-wheel!)

Báwo lèèyàn ṣe ń múra irú ọkọ̀ yẹn sílẹ̀? Mo ti ka èyí dójú ikú, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.

Àwọn Land Rover ilẹ̀ olóoru máa ń ní orí méjì. Wọ́n á fi páànù kejì lé orí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín méjèèjì kọjá, oòrùn á máa lu ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kò sí AC, kò sí gáàsì, páànù lásán. Táyà àpótí sábà máa ń wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fi wíǹṣì síwájú tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí ẹrẹ̀ bá gbé yín mì, ẹ di okùn mọ́ igi, kí ọkọ̀ fa ara ẹ̀ jáde.

Epo ńkọ́? Inú jẹ́ríkéènì. Ẹ ti mọ̀ pé "Jerry" ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn ará Jámánì? Àwọn ará Jámánì ló ṣe kéènì yẹn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, lítà ogún, Gẹ̀ẹ́sì rí i lójú ogun, wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wo ọwọ́ mẹ́ta tó wà lórí ẹ̀: ẹ di ti àárín mú tí ẹ bá dá nìkan gbé e, èèyàn méjì lè pín ti ẹ̀gbẹ́ gbé, tó bá sì ṣófo ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé méjì. Kẹ́ẹ̀gì tí à ń tò sí ilé epo ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ irú ọkọ̀ yìí lóde òní ni orí ọkọ̀. Wọ́n á gbé àgọ́ síbẹ̀, omi síbẹ̀, táyà méjì, epo, jẹnẹrétọ̀. Fọ́tò á dùn. Ṣùgbọ́n omi lítà ogún, kílò ogún ni. Ẹrù wúwo lókè, ọkọ̀ á máa mì bí ọ̀mùtí, tó bá ti kọ́nà kíkankíkan ó ti ṣubú. Ohun wúwo ìsàlẹ̀ ló ń gbé, láàárín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ gbé sókè.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Oxford lẹ́yìn tó padà? Wọ́n tún fi ránṣẹ́. Ó lọ sí Ascension, erékùṣù kékeré kan láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì bá ibẹ̀ dé St Helena, ibi tí wọ́n ti Napoleon mọ́ títí ó fi kú. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Bàálù èrò kì í balẹ̀ níbẹ̀ títí di 2017, torí náà ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́ lọ, àwọn èèyàn ń kọjá lára ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọjá lára tiwa lẹ́yìn ilé.

Adam Bennett, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí, ló gbé e padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, tó sì tún un ṣe.

Àríyànjiyàn àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe nìyí. Tí ẹ bá pààrọ̀ ṣásí, ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ páànù tó ti fọ́, ṣé ọkọ̀ ọjọ́sí ṣì nìyẹn? Àwọn kan ní kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan tí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ní ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dísù tuntun sí i, ẹ fi bíréèkì òde òní sí i, ọkọ̀ ni, kì í ṣe ère. Mẹkáníìkì tèmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i fún yín, ẹ lọ sùn."

Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan pátápátá. Bíréèkì àti ṣásí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí wọn. Ẹni tó ń lọ Accra gbọ́dọ̀ lè dúró. Ẹ́ńjìnnì, a lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan lẹ́fà pupa àti yẹ́lò yẹn, èmi àti ẹ̀ ló máa jọ jà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 2019, Oxford tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí Singapore ló ti bẹ̀rẹ̀, London ló ń lọ. Alex Bescoby ló ṣe olórí. Tim Slessor, tó ti di ẹni ọdún 87, ló yẹ kó jókòó sínú ọkọ̀ tó gùn nígbà èwe. Ó dé Singapore. Àìsàn dá a dúró níbẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Nat George, ló bọ́ sí ipò bàbá àgbà.

Ọjọ́ 111 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, Oxford wọ London. Ibi tí mo ti ka èyí nínú bọ́ọ̀sì ni omi ti ń bọ́ lójú mi, obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ta ló kú.

Lánàá, mo mú wẹ́dà lọ sẹ́yìn ilé. Ejò kan ò sí níbẹ̀, aláǹgbá ló wà níbẹ̀. A fi jáàkì gbé e, ó wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú hámà kékeré, ó ń lù ú láti iwájú lọ sẹ́yìn, a ń tẹ́tí. Ibi tí irin bá ṣì le á dún kóń. Ibi tó ti jẹrà á dún pọ̀. Kóń, kóń, kóń, títí dé ìdí ọkọ̀. Irin ìdábùú ẹ̀yìn ló dún pọ̀, òun àti ìwọ̀n apá kan lọ́wọ́ òsì. Wẹ́dà jáde, ó nu ojú, ó ní ìdábùú yẹn òun lè rọ òmíràn. Ó ní ìyókù ṣì lágbára ju àwọn tòkunbọ̀ kan tó wà lójú títì lọ.

Mo sọ fún Big Daddy. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló máa sanwó?"

Owó tí àwọn onírin dá lé e kò tó ra táyà mẹ́rin. Mo ti sọ fún Big Daddy pé èmi á san iye yẹn fún wọn, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé èmi ni onírin. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ Leyland ń to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn níbí, torí náà mo mọ̀ pé ẹrù ẹ̀ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn bàbá kan. Gearbox Series III ni mo ń wá, àti gíláàsì iwájú. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ní, ẹ wá sí DM mi kí ó tó di Sátidé, ẹ jọ̀ọ́. 🙏🏾