Ìdíje Ọkọ̀ Dakar àti Etí Òkun Tí Ó Bí I

Nínú gbogbo ìdíje ọkọ̀ tí ó ti la ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Paris sí Dakar, ẹṣin iwájú tí àwọn ìdíje aṣálẹ̀ yòókù ń wò sáré. Ọmọ Faransé kan, Thierry Sabine, ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1977, ó ń gun alùpùpù nínú ìdíje tí ó ti Abidjan lọ sí Nice, ó ṣìnà ní Sàhárà, díẹ̀ ni ó kù kí òùngbẹ gbẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí ó kórìíra aṣálẹ̀, ńṣe ni ó pinnu láti mú àwọn ẹlòmíràn wá síbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, wọ́n dojú kọ ìrìn tí ó tó 10,000 kìlómítà. Nígbà tí wọn yóò fi dé Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, 74 péré ni ó kù, Cyril Neveu tí ó gun Yamaha ni ó sì gbégbá orókè.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, etí adágún Retba nítòsí Dakar, tí àwọn Faransé ń pè ní Lac Rose, di ibi tí ìdíje náà sábà máa ń parí sí. Iyanrìn díẹ̀ ni ó pààlà láàárín adágún yìí àti òkun Àtìláńtíìkì. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, etí òkun gan-an ni àwọn awakọ̀ máa ń gbà sáré wọlé. Àwọn tí ń wa iyọ̀ nínú adágún náà a máa fi òrí pa ara kí wọ́n tó wọmi, irú òrí tí àwọn ìyá wa ní ìlú Òmùpo ń yọ́ sínú igbá, kí iyọ̀ má baà jẹ wọ́n lára. Nínú omi tí ó mù wọ́n dé àyà ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá fọ́ iyọ̀ nísàlẹ̀, nígbà tí eruku ọkọ̀ olówó ńlá ń sọ lókè.

Ṣùgbọ́n adùn eré náà ní ìkorò nínú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1986, hẹlikópítà já lulẹ̀ ní Màlì, Sabine fúnra rẹ̀ àti gbajúmọ̀ olórin Daniel Balavoine sì bá a lọ. Láti ìgbà dé ìgbà pẹ̀lú ni ọkọ̀ pa àwọn ará abúlé àti ọmọdé tí wọ́n jáde wòran, àwọn tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni díje. Nígbà tí wọ́n sì pa àwọn arìnrìn-àjò Faransé mẹ́rin ní Mọriténíà ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àwọn alákòóso fagi lé ìdíje 2008 nígbà tí ó ku ọ̀la kí ó gbéra ní Lisbon. Wọ́n kó o lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti 2009 dé 2019, àti sí Sáúdí Arébíà láti 2020 títí di òní.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìdíje Dakar gbàgbé, kò sì gbẹ, nítorí owó epo rọ̀bì ń bomi sí i. Orísun náà pẹ̀lú kò gbẹ: láti 2009 ni Jean-Louis Schlesser, ẹni tí ó borí nínú ìdíje Dakar ní 1999 àti 2000, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé Africa Eco Race kalẹ̀, èyí tí ń gba Mòrókò àti Mọriténíà wá parí sí etí adágún Retba. Ìdíje tí ń jẹ́ Dakar kò dé Dakar mọ́, èyí tí ó ń dé Dakar kò sì jẹ́ Dakar. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba, ibi yòówù kí orúkọ náà gbé sùn, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni.